Ẹni Tó Pẹ́ Wọ Ẹgbẹ́: Ìlú Ọba Nínú Àdéhùn Ọjà Pàsífíìkì

  

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ti ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn ìṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ nínú wa á ti máa wá ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ farabalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan epo tí ẹ fi ń se ọbẹ̀, ó kan àwọn tó ń kó ọjà láti ilé wá síbí, ó sì kan ilé tá a ti wá gan-an.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ìlú Ọba di ọmọ ẹgbẹ́ kejìlá nínú ẹgbẹ́ ọjà kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ojú irin Èkó sí Kánò lọ. Àwọn òyìnbó gé e kúrú sí CPTPP. Èmi á kàn máa pè é ní Ẹgbẹ́ Pàsífíìkì, kí ahọ́n wa lè sinmi. Agbègbè òkun Pàsífíìkì ni àwọn mọ́kànlá tó dá a sílẹ̀ ti wá: Jàpáànù, Ọsirélíà, New Zealand, Singapore, Brunei, Màléṣíà, Fiẹtnám, Kánádà, Mẹ́síkò, Pẹrú àti Ṣílè. London tí èmi ń gbé jìnnà sí òkun náà gan-an ni. Síbẹ̀, Ìlú Ọba ni àlejò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Ìbéèrè mi lónìí nìyí: kí ni àlejò ń san kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un, kí ló sì ń rí gbà tó bá wọlé tán? Màá sọ ìdáhùn mi ṣáájú, kí ẹ má baà rò pé mò ń yí yín ká. Ẹni tó bá pẹ́ wọ ẹgbẹ́, òfin tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é ló máa tẹ̀ lé. Owó tó san lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe oúnjẹ ló fi rà, kọ́kọ́rọ́ ló fi rà. Kọ́kọ́rọ́ náà kò sì wúlò fún ẹni tí kò ní ẹrù tó fẹ́ gbé kọjá.

BÍ ẸGBẸ́ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Orílẹ̀-èdè kékeré mẹ́rin ló kọ́kọ́ dá àdéhùn sílẹ̀ láàárín ara wọn ní ọdún 2005: Brunei, Ṣílè, New Zealand àti Singapore. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ wọn sí púpọ̀ nígbà yẹn. Àfi ìgbà tí Amẹ́ríkà ní òun náà fẹ́ jókòó síbẹ̀. Bí ọlọ́lá bá jókòó sí ìdí ayò, èrò á pọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn rọ́ wọlé títí wọ́n fi di méjìlá, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ńlá kan ní ìlú Auckland, New Zealand, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2016.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Donald Trump gorí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 2017, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lórí àléfà tó fi fa Amẹ́ríkà yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹgbẹ́ ti túká nìyẹn. Ṣùgbọ́n Jàpáànù àti àwọn yòókù ní bí ọlọ́lá bá lọ, ayò ò ní tìtorí rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn mọ́kànlá tó kù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní Santiago, olú-ìlú Ṣílè. Nǹkan 22 tó wà nínú àdéhùn àtijọ́, tó sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá lórí ẹ̀tọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn, wọ́n ká wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn ò pa wọ́n rẹ́ o, wọ́n kàn dá wọn dúró. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2018 pẹ̀lú mẹ́fà nínú wọn, àwọn yòókù sì ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí di ọdún 2023 tí Brunei fi parí tirẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí kókó kan ni. Àwọn tó jókòó ní Santiago lọ́jọ́ náà ló kọ òfin ilé. Wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta olúkúlùkù wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti ṣe àtúnṣe síbẹ̀. Ìlú Ọba ò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2018 yẹn, abẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ṣì wà, ó ń wá ọ̀nà àtijáde.

BÍ WỌ́N ṢE Ń GBA ÀLEJÒ

Ìlú Ọba jáde kúrò ní Àjọ Yúróòpù ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2021, ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé sí Ẹgbẹ́ Pàsífíìkì pé òun fẹ́ wọlé. New Zealand ni wọ́n ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé àdéhùn wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn mọ́kànlá fohùn ṣọ̀kan pé kí ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2023 ni ìjíròrò parí. Ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Auckland.

Ẹni tó fọwọ́ sí i lórúkọ Ìlú Ọba, ọmọ wa ni. Kemi Badenoch ni, Olúkẹ́mi ọmọ Adégòkè, tí wọ́n bí ní London, tó dàgbà ní Èkó, tó jẹ́ mínísítà fún òwò nígbà yẹn. Ẹ lè fẹ́ràn òṣèlú rẹ̀, ẹ lè máà fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ò yí i padà pé ọwọ́ ọmọ Yorùbá ló wà lórí ìwé náà.

Báwo ni ìjíròrò irú èyí ṣe ń lọ? Ibi tó yẹ ká fọkàn sí nìyí. Àlejò ò lè sọ pé òfin kan ò tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n tún un kọ. Ìwé òfin ti pa dé. Àlejò ló máa fi hàn pé òfin ilé òun bá ti ẹgbẹ́ mu, níbi tí kò bá sì ti bá a mu, òun ló máa tún tirẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa tẹ́ ẹní tirẹ̀: kí lo máa fún mi? Owó ẹnubodè wo lo máa yọ lórí ọjà tèmi? Ìlú Ọba nìkan ló wà ní apá kan, mọ́kànlá wà ní apá kejì, ẹnikẹ́ni nínú mọ́kànlá náà ló sì lè sọ pé rárá.

Láti ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ ti là á sílẹ̀ pé ohun mẹ́ta làwọn ń wò lára ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Àkọ́kọ́, ṣé ó ṣetán láti dé orí òṣùwọ̀n wọn tó ga? Ìkejì, ṣé ẹni tó ń mú àdéhùn òwò ṣẹ ni, àbí ẹni tó ń fọwọ́ sí i tí kì í tẹ̀ lé e? Ìkẹta, ṣé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló gbà fún un? Ẹ fi ìkejì yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí Màléṣíà gbà. Epo ọ̀pẹ rẹ̀ tó ń wọ Ìlú Ọba, àwọn oríṣi kan ń san owó ẹnubodè tó tó ìdá 12 nínú 100 tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un wá sí òdo. Àwọn tó ń dáàbò bo igbó pariwo pé wọ́n á tún gé igbó sí i láti gbin ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n adéhùn ti ṣe é.

Kánádà ní tirẹ̀ fẹ́ kí Ìlú Ọba gba ẹran màlúù tí wọ́n fún ní oògùn amúdàgbà wọlé. Ìlú Ọba ní lórí ìyẹn, òun ò ní yí òfin oúnjẹ òun padà, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjíròrò mìíràn tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Kánádà nìkan dúró gbagidi, torí ẹran àti wàràkàṣì. Nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ fún Ìlú Ọba, Kánádà àti Mẹ́síkò kò tíì parí ètò tiwọn láti gbà á. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé bí oṣù 15 bá kọjá lẹ́yìn ìfọwọ́sí, tí àlejò àti ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà bá ti ṣetán, kí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó ṣetán. Ohun tí wọ́n fi wọlé nìyẹn. Ẹ rí i báyìí pé wíwọlé àti kí gbogbo ará ilé bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Síbẹ̀, àlejò tó bá gbọ́n kì í wọlé láìmú nǹkan kan fún ara rẹ̀. Apá kan wà nínú àdéhùn náà tó fún ilé-iṣẹ́ ńlá láti ilẹ̀ òkèèrè láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó yàtọ̀ sí kóòtù ìlú. Ìlú Ọba bá Ọsirélíà àti New Zealand kọ ìwé lọ́tọ̀ pé ìyẹn ò ní wáyé láàárín àwọn. Kò lè yí òfin padà, ṣùgbọ́n ó bá ẹni méjì nínú ilé ṣe májẹ̀mú. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ yẹ ká kọ́.

KÍ NI ÌLÚ ỌBA RÍ GBÀ?

Bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn olóṣèlú ṣe pariwo rẹ̀, ẹ máa rò pé góòlù ni wọ́n ṣẹ́ ńlẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà lé ní ìdajì bílíọ̀nù ènìyàn, àti pé pẹ̀lú Ìlú Ọba, ó tó ìdá 15 nínú 100 ọrọ̀ ajé gbogbo ayé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Nínú àwọn mọ́kànlá yẹn, mẹ́sàn-án ló ti ní àdéhùn òwò pẹ̀lú Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀. Màléṣíà àti Brunei nìkan ló jẹ́ tuntun. Ìjọba fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2023 pé tó bá yá, àdéhùn náà máa fi nǹkan bíi £2 bílíọ̀nù kún ọrọ̀ ajé lọ́dún. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìdá 0.06 nínú 100 ni. Bí ọrọ̀ ajé Ìlú Ọba bá jẹ́ £100 lọ́wọ́ yín, pẹ́nì 6 ni wọ́n fi kún un. Pẹ́nì mẹ́fà!

Èmi ò sọ pé òfo ni. Ẹni tó ń ṣe ọtí wisikí ní Skọ́tílándì máa ń bá owó ẹnubodè tó tó ìdá 80 nínú 100 pàdé ní Màléṣíà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn máa dínkù títí yóò fi tán láàárín ọdún 10. Owó orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó jẹ́ ìdá 30 náà máa tán. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe owó ẹnubodè. Ọ̀rọ̀ orísun ọjà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ òkè ṣàpèjúwe. Ká ní ẹ ra òwú ní Ìṣẹ́yìn, ẹ hun ún ní Ìlọrin, ẹ rán an ní Èkó. Ibo ni agbádá náà ti wá? Lójú aṣọ́bodè, ìbéèrè yẹn ló ń pinnu bóyá ẹ máa sanwó tàbí ẹ ò ní san. Láàárín orílẹ̀-èdè méjì nìkan, bí òwú bá ti ilẹ̀ kẹta wá, wọ́n lè ní agbádá yín kì í ṣe ti yín. Nínú Ẹgbẹ́ Pàsífíìkì, ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí wá, wọ́n kà á sí ti ilé. Ilé-iṣẹ́ Ìlú Ọba lè fi irin Jàpáànù ṣe ẹ̀rọ, kó tà á fún Fiẹtnám, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjà ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń fi í hàn. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tó mọ ìwé náà kọ á máa sanwó bíi ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àǹfààní àdéhùn òwò ni ó ń ṣòfò báyìí káàkiri ayé, torí ìwé ò jẹ́.

KỌ́KỌ́RỌ́ ILẸ̀KÙN

Ibi tí mo ti rò pé Ìlú Ọba rí nǹkan gidi gbà nìyí. Láti ìgbà tó ti wọlé, òun náà ti di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi léèrè kí wọ́n tó gba ẹlòmíràn.

Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Ṣáínà kọ̀wé ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ẹ̀, Taiwan náà kọ̀wé. Ecuador tẹ̀ lé wọn ní ìparí ọdún náà. Costa Rica àti Uruguay kọ tiwọn ní ọdún 2022, Ukraine ní ọdún 2023, Indonéṣíà ní ọdún 2024.

Ta ni wọ́n wá dá lóhùn? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n pàdé ní Vancouver, wọ́n ní kí ètò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Costa Rica. Orílẹ̀-èdè kékeré tó kọ̀wé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022! Ṣáínà tó ti kọ̀wé láti ọdún 2021 ṣì ń dúró. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tí kò bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín ará ilé ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà le. Ẹ rántí ohun kejì tí ẹgbẹ́ ń wò: ṣé o máa ń mú àdéhùn ṣẹ? Ọsirélíà àti Ṣáínà ti ní àdéhùn òwò láti ọdún 2015. Síbẹ̀, nígbà tí ìjà òṣèlú dé láàárín wọn ní ọdún 2020, Ṣáínà gbé owó tó lé ní ìdá 80 nínú 100 lé ọkà báálì Ọsirélíà, lẹ́yìn náà ó gbé èyí tó lé ní ìdá 200 lé àwọn wáìnì rẹ̀ kan. Ṣáínà ní wọ́n ń ta ọjà náà lówó pọ́ọ́kú tí kò bófin mu ni. Ọsirélíà ní irọ́ ni, wọ́n kàn ń fi ìyà jẹ òun ni. Ọdún 2023 àti 2024 ni wọ́n tó yọ àwọn owó náà. Ọsirélíà wà nínú ilé báyìí, Ṣáínà wà níta, ohùn kan ṣoṣo sì tó láti ti ilẹ̀kùn. Ta ni yóò dá Ọsirélíà lẹ́bi bó bá ń ronú?

Ní ti Taiwan, òfin ẹgbẹ́ fàyè gbà á. Wọ́n kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tàbí agbègbè tó ń gba owó ẹnubodè tirẹ̀ lọ́tọ̀ lè wọlé, orúkọ kejì yìí náà ni Taiwan fi wọ Àjọ Òwò Àgbáyé ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n Ṣáínà ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Bí ẹ bá gba Taiwan, ẹ bí Ṣáínà nínú. Bí ẹ bá gba Ṣáínà, Taiwan ò ní wọlé mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń wojú ara wọn.

Èrò tèmi ni pé Ìlú Ọba ò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ì báà ṣe Washington, ì báà ṣe Beijing. Òṣùwọ̀n mẹ́ta yẹn ni kó máa fi wọn gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, kékeré àti ńlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹni ńlá nítorí pé ó tóbi, tí wọ́n sì lé ẹni kékeré nítorí pé ó kéré, àdéhùn ti parí, ó ku ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá.

EPO PUPA ÀTI ÀWA

Ẹ lè máa sọ pé, “Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kí ló kàn wá?” Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká padà sórí epo ọ̀pẹ.

Ilẹ̀ Áfríkà Ìwọ̀-Oòrùn ni igi ọ̀pẹ ti ṣẹ̀ wá. Kò sí ilé Yorùbá tí kò mọ ìwúlò rẹ̀: epo, àdín, ìgbálẹ̀, ẹmu, màrìwò. Nígbà kan, Nàìjíríà ló ń ta epo ọ̀pẹ jù sí òkè òkun. Lónìí, Indonéṣíà àti Màléṣíà ló gba ipò yẹn, Nàìjíríà sì ti di ẹni tó ń ra epo láti òkè òkun. Wàyí o, Màléṣíà ti ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ pé epo òun máa wọ Ìlú Ọba láìsan owó ẹnubodè.

Ṣé Nàìjíríà ò ní nǹkan kan ni? Ó ní. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ìlú Ọba ní ètò kan fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tó yọ owó ẹnubodè kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọjà wọn, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi iyàtọ̀ sí i o. Ẹ̀bùn ni ìyẹn, àdéhùn kọ́. Ẹni tó fún ọ ló lè gbà á. Àǹfààní tí ẹ̀bùn náà sì fún ọ lórí ẹlòmíràn ń dínkù nígbàkúgbà tí wọ́n bá gba ẹlòmíràn náà wọlé sínú àdéhùn. Nígbà tí aládùúgbò rẹ ń sanwó tí ìwọ ò san, o ní ẹ̀san. Nígbà tí òun náà ò bá san mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló kù tí wọ́n máa fi dá yín mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Kemi Badenoch lọ sí Àbújá, ó sì bá Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àjọṣe òwò. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé náà kì í ṣe àdéhùn tó yọ owó ẹnubodè.

Kí n tún sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ bi àwọn tó ń kó oúnjẹ wa wọ London léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé owó ẹnubodè kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú jù, ìwé àti àyẹ̀wò ni. Ní ọdún 2015, Àjọ Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, torí oògùn apakòkòrò tí wọ́n rí nínú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlú Ọba ṣì wà nínú Àjọ náà nígbà yẹn. Kì í ṣe pé owó ẹnubodè pọ̀ lórí ẹ̀wà. Bí wọ́n tilẹ̀ sọ owó náà di òdo, ẹ̀wà ọ̀hún ò lè wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ẹran Kánádà. Òṣùwọ̀n ni ilẹ̀kùn gidi, owó ẹnubodè kàn jẹ́ aṣọ títa tó wà níwájú rẹ̀ ni.

ILÉ ŃKỌ́?

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà níbí. Àwa náà ní ẹgbẹ́ ọjà tiwa: àdéhùn ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfríkà, tí wọ́n ń pè ní AfCFTA, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2018, orílẹ̀-èdè 44 fọwọ́ sí i ní Kigali. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwọn onílé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọjà òkèèrè máa kún ìlú, ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, sì dúró sílé. Kò burú láti kọ́kọ́ wádìí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí i pọ̀ lọ́jọ́ kan náà ní Niamey. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Kò tíì pé oṣù méjì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 yẹn kan náà, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Sẹ̀mẹ̀ dákẹ́. Ìjọba ní àwọn onífàyàwọ́ ń kó ìrẹsì wọlé, wọ́n sì ń kó bẹntiróòlù jáde. Òótọ́ ni pé fàyàwọ́ wà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ń gbé ọjà tó bófin mu láti Èkó lọ sí Kútọnu, Lómé àti Accra jẹ nínú ìyà náà. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìhà méjèèjì, ní Bàdágìrì, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà kí òyìnbó tó fa ìlà sáàárín wọn, wọ́n jẹ nínú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 kọjá, ti 2020 dé kí wọ́n tó ṣí mẹ́rin nínú àwọn ẹnubodè náà. Oṣù yẹn kan náà ni Nàìjíríà fi ìwé tó parí ìwọlé rẹ̀ sílẹ̀, òwò lábẹ́ àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òṣùwọ̀n Ẹgbẹ́ Pàsífíìkì wọn ara wa. Ká ní a kanlẹ̀kùn níbẹ̀, tí wọ́n bi wá pé: ṣé ẹni tó ń mú àdéhùn ṣẹ ni yín? Kí la máa sọ? Ẹgbẹ́ Áfríkà ò bi wá, torí ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìṣọ̀kan Áfríkà. Ìyẹn dára, ìfẹ́ ará ló mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọn ò ti béèrè nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, inú ilé ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti gbọ́dọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Bí wọn ò bá béèrè níta, tí wọn ò sì béèrè nínú ilé, ìwé lásán ni.

Ìlú Ọba fi ọdún mẹ́rin dín díẹ̀ wọ ẹgbẹ́ tó máa fún un ní pẹ́nì mẹ́fà nínú £100. Àwa fọwọ́ sí àdéhùn tó kan ọjà tó wà lẹ́yìnkùlé wa, a sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò níbí, ẹ ní aṣòfin àdúgbò. Ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ bi í pé nígbàkúgbà tí Ìlú Ọba bá ń gba ọjà ẹlòmíràn wọlé láìsan owó, ta ló ń ṣírò ohun tí ìyẹn ṣe sí ọjà Nàìjíríà, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀? Ìbéèrè tó bófin mu ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ má jẹ́ kí ìwé bà yín lẹ́rù. Ẹ̀tọ́ tí Nàìjíríà ní lábẹ́ ètò ọdún 2023 yẹn, kò wúlò fún ẹni tí kò bá fi ìwé orísun ọjà hàn. Ẹ dara pọ̀, kí ẹni mẹ́wàá gba amòye kan tó máa ṣe ìwé fún gbogbo yín, dípò kí olúkúlùkù máa dá jìyà lẹ́nu bodè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé fún oko àti ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ibi àyẹ̀wò, sí ibi ìdìpọ̀ ọjà, sí ibi ìtọ́jú tí kò ní oògùn búburú nínú. Ẹ̀wà tó mọ́ á wọ London, á wọ Toronto, á sì wọ Accra pẹ̀lú. Òṣùwọ̀n kan náà ló ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn.

Ọdún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ mìíràn á tún ṣílẹ̀kùn, wọ́n á tún ya fọ́tò, wọ́n á tún bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ má wo fọ́tò nìkan. Ẹ béèrè ohun tí àlejò san, ẹ béèrè ẹni tó kọ òfin ilé, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹrù tó gbé lọ́wọ́ wọlé.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.